Ère Columbus ní Amẹ́ríkà: kí ló fa wàhálà yìí gan-an, ta ló sì ni ère?

Ní gúúsù ìlú Philadelphia, pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Marconi Plaza, ère òkúta kan sì wà níbẹ̀, ère Christopher Columbus, atukọ̀ ayé àtijọ́ yẹn. Láti June 2020 títí di December 2022, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ò lè rí ère náà o, àpótí pákó gìrìwò kan ló máa rí, torí ìjọba ìlú ti fi pákó bò ó láti òkè délẹ̀. Kí wọ́n tó bò ó, àwọn kan ti kóra jọ yí i ká, òmíì gbé igi bésíbọ́ọ̀lù dání, òmíì gbé ìbọn, wọ́n ní ẹni tó bá tó gbangba ní kó wá fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, wọ́n kun pákó yẹn ní ọ̀dà: àwọ̀ ewé, funfun, pupa. Àwọ̀ àsíá Ítálì nìyẹn.

Ẹ wò ó, Columbus ò ṣiṣẹ́ fún Ítálì rí. Genoa ni wọ́n ti bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà ayé ẹ̀ kò tíì sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Ítálì, ọba àti ayaba Sípéènì ló sì rán an níṣẹ́. Kí wá ni àsíá Ítálì ń wá lára pákó? Ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fò kọjá.

Gbogbo October ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń jí. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé Amẹ́ríkà kàn mọ Ọjọ́ Columbus sí Mọ́ńdè kejì nínú oṣù tí báǹkì àti pósítọ́fíìsì kì í ṣí ni, kò tán síbẹ̀. Ní 2025 ó tún wá gbóná sí i, torí Ààrẹ Trump kọ ọ́ sórí ìkànnì ẹ̀ ní April pé òun ń dá Ọjọ́ Columbus padà, ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kiri pé wọ́n ti fagi lé họlidé yẹn tẹ́lẹ̀, àwọn míì ní gbogbo ère tí wọ́n wó ló ń padà bọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Ṣé Columbus tiẹ̀ dé Amẹ́ríkà ni?

Ó dé, kò sì dé. Ọjọ́ 12 oṣù October 1492 ló gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan ní Bahamas, ó rò pé òun ti dé ìtòsí Íńdíà, ìdí nìyẹn tó fi pe àwọn tó bá níbẹ̀ ní ará Íńdíà, tí orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀ lára títí dòní. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ tó bọ̀, ó dé Cuba, ó dé Jamaica, ó dé Hispaniola tó jẹ́ Haiti àti Dominican Republic báyìí, ó dé etíkun Venezuela. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí New York tàbí Ohio tàbí Illinois wà, kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí láyé ẹ̀. Nínú ibi tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà lónìí, àwọn erékùṣù bíi Puerto Rico àti St. Croix ló dé ní 1493, Puerto Rico pàápàá ò sì di ti Amẹ́ríkà àfi ní 1898.

Síbẹ̀ o, nígbà tí àjọ Monument Lab yẹ nǹkan ìrántí bíi 50,000 wò káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2021, Abraham Lincoln ló ṣe ipò kìíní pẹ̀lú 193, George Washington ṣe ìkejì pẹ̀lú 171, ta ló ṣe ìkẹta? Columbus, 149. Ẹni tí kò débẹ̀.

Báwo ni ère ẹ̀ ṣe wá pọ̀ tó yẹn?

Ìpele méjì ni. Àkọ́kọ́, nígbà tí Amẹ́ríkà já ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wá bàbá ńlá tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n á máa fi yangàn, Columbus ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Columbia ti ń jáde lóríṣiríṣi: yunifásítì tó ń jẹ́ King's College di Columbia ní 1784, olú-ìlú wọn wà ní District of Columbia. Ọ̀wọ̀n ìrántí Columbus tó kọ́kọ́ wà ní Amẹ́ríkà, Baltimore ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ní 1792, kọ́ńsù orílẹ̀-èdè Faransé ló sì gbé e dúró, kò sí ará Ítálì kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìpele kejì ló ṣe pàtàkì jù. Láàárín 1880 sí 1924, àwọn ará Ítálì bíi mílíọ̀nù 4 ló wọ Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn láti Sicily àti ìsàlẹ̀ Ítálì, àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ ọwọ́, èèyàn tó ṣẹ́ tó ń wá oúnjẹ ọmọ. Òfin ò dí wọn lọ́wọ́ láti di ọmọ ìlú torí òfin 1790 ní kó ṣáà jẹ́ aláwọ̀ funfun, wọ́n sì kà wọ́n sí funfun lórí ìwé. Lórí ìwé nìyẹn o. Ní ojú títì, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀daràn, wọ́n ní ẹ̀sìn Kátólíìkì wọn ò dáa, iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ni wọ́n ń kó fún wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní New Orleans?

Ní October 1890, àwọn kan yìnbọn pa ọ̀gá ọlọ́pàá New Orleans, David Hennessy, lójú ọ̀nà ilé ẹ̀ lóru. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ará Ítálì. Wọ́n fẹ̀sùn kan èèyàn 19, wọ́n gbé 9 lọ sí kọ́ọ̀tù, nígbà tí ẹjọ́ sì parí ní March 1891, àwọn adájọ́ ará ìlú ò dá ẹnì kankan lẹ́bi: wọ́n dá àwọn 6 sílẹ̀, wọn ò rí ẹnu kò lé lórí ti àwọn 3 yòókù.

Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn 14 March, ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn, ó ní kí gbogbo ọmọlúàbí ìlú wá pàdé lábẹ́ ère Henry Clay ní Canal Street, kí wọ́n múra sílẹ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa, ìpolówó ni o, nínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn pàtàkì ìlú ló fọwọ́ sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pé jọ lábẹ́ ère yẹn, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, wọ́n gbéra ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé. Èèyàn 11 ni wọ́n pa, wọ́n yìnbọn fún àwọn kan nínú ọgbà, wọ́n fa àwọn méjì síta wọ́n so wọ́n rọ̀. Nínú àwọn 11 yẹn, àwọn kan wà tí kọ́ọ̀tù ti dá sílẹ̀, àwọn kan wà tí wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn rárá. Wọn ò fìyà jẹ ẹnì kankan lórí ẹ̀. Ìwé ìròyìn New York Times gan-an kọ ọ̀rọ̀ tó ń bú àwọn ará Sicily tí wọ́n pa yìí, Theodore Roosevelt tó padà di ààrẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ohun tí wọ́n ṣe dáa lójú òun.

Ítálì bínú, wọ́n pe aṣojú wọn kúrò ní Washington, àwọn èèyàn tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ogun. Amẹ́ríkà padà san owó ìtánràn tó tó bíi dọ́là 25,000. Lọ́dún 1892 náà ni Ààrẹ Benjamin Harrison kéde pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe àjọ̀dún 400 ọdún tí Columbus gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ onítàn so méjèèjì pọ̀, pé ìbò ará Ítálì àti ìbínú Rome wà lára ohun tó mú Harrison ṣe é. Àwọn kan ní rárá, 400 ọdún ti pé, àjọ̀dún yẹn ì bá wáyé bó ti wù kó rí, Chicago sì ti ń múra ìpàtẹ ńlá wọn ti 1893 sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jọ pé òótọ́ díẹ̀ wà níhà méjèèjì.

Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni ohun tí àwọn ará Ítálì fúnra wọn ṣe. Ní New York, Carlo Barsotti tó ni ìwé ìròyìn Il Progresso Italo-Americano bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, wọ́n gbẹ́ ère náà ní Ítálì, ọwọ́ Gaetano Russo, ọkọ̀ gbé e kọjá òkun wá, October 1892 sì ni wọ́n ṣí i níbi tí a mọ̀ sí Columbus Circle lónìí. Òun àti ọ̀wọ̀n tó dúró lé lórí ga ju mítà 20 lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn onílé ò ṣòro láti gbọ́: ẹ ní a jẹ́ àtọ̀húnrìnwá, ṣebí èèyàn wa lẹ ní ó kọ́kọ́ débí.

Báwo ló ṣe wá di họlidé?

Èyí ò gùn. Colorado ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di họlidé ìpínlẹ̀, ní 1907, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Angelo Noce ló lé e títí tó fi bọ́ sí i. Ẹgbẹ́ Knights of Columbus, tí àwọn Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1882, ń ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, Franklin Roosevelt náà kéde ẹ̀ ní 1934. Ní 1924 láàárín kan, òfin tuntun ti gé iye ará Ítálì tó lè wọlé lọ́dún sí nǹkan tí kò tó 4,000, nígbà tó jẹ́ pé kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún kan wà tí wọ́n ju 200,000 lọ. Nígbà ogun kejì, wọ́n pe àwọn ará Ítálì bíi 600,000 tí kò tíì gba ìwé ọmọ ìlú ní ọ̀tá ìjọba, ọjọ́ wo ni wọ́n wá kéde pé àwọn ti yọ orúkọ yẹn kúrò lára wọn? Ọjọ́ Columbus, 12 October 1942. Òfin 1968 ló gbé họlidé náà lọ sí Mọ́ńdè, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971.

Kí wá ni ẹ̀sùn àwọn onílẹ̀?

Nígbà tí mo bá sọ pé onílẹ̀ níbí, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ Èkó tó ń gba owó fáńdéṣọ̀n o. Àwọn tó ni ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ni.

Ọ̀rọ̀ tiwọn ni pé Columbus tí ẹ ń yìn yẹn, gómìnà ló jẹ́ ní Hispaniola, kì í ṣe atukọ̀ lásán. Ní 1495, ó kó àwọn Taíno, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, jọ, ó fi bíi 500 ránṣẹ́ sí Sípéènì láti tà lẹ́rú, bíi 200 sì kú sórí omi. Ó gbé owó orí lé wọn pé gbogbo ẹni tó bá ti lé ní ọdún 14 níbi tí wúrà wà gbọ́dọ̀ máa mú wúrà wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tí wúrà ò sì pọ̀ níbẹ̀. Láàárín àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ tipátipá, ebi àti àrùn ti gbá àwọn Taíno lọ débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ìjọba Sípéènì fúnra wọn rán Francisco de Bobadilla lọ wo bó ṣe ń ṣèjọba, òun ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é padà sílé ní 1500.

Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀ ní èsì. Wọ́n ní Bobadilla fẹ́ gba ipò ẹ̀ ni, ìròyìn rẹ̀ ò ṣeé gbà tán. Wọ́n ní àrùn ṣọ̀pọ̀ná tó pa èèyàn jù, lẹ́yìn ikú Columbus ní 1506 ló wọ Hispaniola, ẹ má kó ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ará Yúróòpù lé ẹnì kan lórí. Àwọn onílẹ̀ ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún òwò ẹrú níbẹ̀ ni ẹ gbé sórí òpó. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á nìyẹn, kò sì bẹ̀rẹ̀ lóní: ní 1977 ni wọ́n dá a lábàá níbi ìpàdé kan tó jẹ mọ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní Geneva pé kí wọ́n fi Ọjọ́ Àwọn Onílẹ̀ rọ́pò ẹ̀, ìlú Berkeley ní California gbà á wọlé ní 1992.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 2020?

Ọlọ́pàá pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, George Floyd, ní Minneapolis ní 25 May, ìwọ́de gba gbogbo ìlú. Ère àwọn ọ̀gágun tó jà fún ẹrú níní ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, kò pẹ́ ó kan Columbus. Ní 9 June wọ́n fà á lulẹ̀ ní Richmond, Virginia, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́, wọ́n sì wọ́ ọ jù sínú adágún omi. Lóru yẹn náà ni wọ́n gé orí ti Boston. Lọ́jọ́ kejì, àwọn onílẹ̀ so okùn mọ́ èyí tó wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Minnesota, wọ́n fà á ṣubú. Ìlú Columbus ní Ohio, tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin yìí o, gbé tiwọn kúrò níwájú sẹkitéríàtì, ẹ̀bùn tí Genoa fún wọn ní 1955. Ní 4 July wọ́n ju ère kan ní Baltimore sínú omi èbúté, kì í ṣe ọ̀wọ̀n 1792 yẹn o. Chicago gbé méjì nínú tiwọn kúrò lóru July 24, ọ̀kan wà ní Grant Park.

Ṣé Trump ti dá gbogbo ẹ̀ padà báyìí?

Rárá, ibí sì ni irọ́ pọ̀ sí jù.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sẹ́ni tó fagi lé Ọjọ́ Columbus ti ìjọba àpapọ̀. Ilé aṣòfin ló ṣe é, ilé aṣòfin nìkan ló lè yọ ọ́. Ohun tí Biden ṣe láti 2021 ni pé ó ń kéde Ọjọ́ Àwọn Onílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, ìwé méjì lọ́jọ́ kan. Trump ní 2025 kéde ti Columbus, ó sì fi èkejì sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ti yí tiwọn padà, ọwọ́ wọn ló ṣì wà.

Ìkejì, àṣẹ tí Trump fọwọ́ sí ní 27 March 2025, tó ní kí wọ́n yẹ gbogbo ère àti pátákó ìtàn tí wọ́n yọ tàbí tí wọ́n yí padà láti January 2020 wò, ohun tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ló kàn. Púpọ̀ nínú ère Columbus kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ìlú ló ni wọ́n, tàbí ìpínlẹ̀, tàbí ẹgbẹ́, òmíì tiẹ̀ wà nínú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ìlú bá sì ni ère, kò túmọ̀ sí pé mayor lè dìde lóru kó gbé e, torí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọnà wà, ìgbìmọ̀ ohun àjogúnbá wà, àdéhùn tí wọ́n bá olùtọrẹ ṣe nígbà náà wà. Ohun tó dá Philadelphia dúró nìyẹn. Ìjọba ìlú fẹ́ gbé e, àwọn ará Ítálì gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, ẹjọ́ yí lọ yí bọ̀, títí kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ fi ní kí wọ́n ṣí àpótí pákó yẹn kúrò ní December 2022. Ère ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀?

Wọ́n ń gbìyànjú ẹ̀. Colorado tó kọ́kọ́ ṣe họlidé yẹn náà ló yọ ọ́ ní 2020, wọ́n fi ọjọ́ Mother Cabrini rọ́pò, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn láti Ítálì tó kọ́ ilé ọmọ òrukàn àti ọsibítù fún àwọn tó ṣí wá, tó gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà ní 1909, tí ìjọ Kátólíìkì sì sọ di ẹni mímọ́ ní 1946. New York náà ṣí ère tiẹ̀ ní October 2020. Àwọn ará Ítálì kan ní ìyẹn tẹ́ àwọn lọ́rùn, ó tiẹ̀ dáa jù, òun gan-an ló bá àwọn jìyà. Àwọn míì ní ẹ má fi Cabrini tan àwọn, ère tí bàbá àwọn fi kọ́bọ̀ rà ni wọ́n ń béèrè.

Àwọn míì ní kí wọ́n fi ère sílẹ̀, kí wọ́n gbé pátákó ìtàn tì í. Ohun tí New York ṣe nípa Columbus Circle ní 2018 nìyẹn lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ mayor ò lè fẹnu kò. Àpẹẹrẹ tó dáa wà ní Plymouth ní Massachusetts, níbi tí àwọn òyìnbó tó kó wá ní 1620 tẹ̀dó sí. Lórí òkè Cole's Hill, ère Massasoit olórí àwọn Wampanoag ń wo òkun, nítòsí ẹ̀ sì ni pátákó kan wà tí ìlú fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1998, tó kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kì í bá wọn ṣe Thanksgiving, ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni tiwọn láti 1970. Pátákó yẹn ò wá bẹ́ẹ̀ o, ọlọ́pàá ti kó àwọn olùwọ́de ní 1997, pátákó wà lára ohun tí wọ́n fi parí ẹjọ́.

Tí ẹ bá sì ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá: ní Africatown, ní ẹ̀gbẹ́ Mobile ní Alabama, àwọn tí ọkọ̀ ẹrú Clotilda jí kó wá ní 1860 ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú dó nígbà tí wọn ò rówó padà sílé. Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis wà lára wọn, ọmọ Yorùbá láti apá ibi tó jẹ́ Benin lónìí. Àwọn náà tẹ ìlú dó, àmọ́ àwọn kọ́ ni Amẹ́ríkà máa ń ní lọ́kàn tí wọ́n bá ní àwọn atẹ̀lúdó.

Àwọn ère tí wọ́n gbé kúrò dà?

Wọ́n fọ́nká. Ti Richmond tí wọ́n jù sómi, ẹgbẹ́ ará Ítálì kan ní Blauvelt, ní ẹ̀yìn ìlú New York, ló gbà á. Chicago àti ẹgbẹ́ àwọn ará Ítálì ibẹ̀ ṣe àdéhùn ní 2025: ti Grant Park ò padà, èkejì á wà nínú mùsíọ́ọ̀mù.

Èyí tó dá yàtọ̀ ni ti Providence, Rhode Island. Frédéric Bartholdi ló ya á, ẹni kan náà tó ṣe Statue of Liberty tó ń kí àtọ̀húnrìnwá káàbọ̀ ní èbúté New York. Láti 1893 ló ti wà níbẹ̀, wọ́n da ọ̀dà pupa sí i lára léraléra, títí ìlú fi gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rù ní 2020. Mayor Providence tẹ́lẹ̀, Joseph Paolino, fi dọ́là 50,000 rà á, ó wá ilé fún un kiri. October 2023, wọ́n gbé e dúró ní Johnston, ìlú tó bá Providence pààlà, tí ará Ítálì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́.